Ìnira Ọ̀gá, Ẹkún Ọmọ-Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní agbègbè wa nígbàkúùgbà tí ọ̀gá kan bá ti di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Wọn a ní, “Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú tẹ́lẹ̀, ipò ni ó bà á jẹ́.” Bí a bá fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a óò rí i pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Ipò nìkan kọ́ ni í ba ènìyàn jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni a mọ̀ tí ó wà ní ipò gíga tí ìwà wọn kò yí padà. Ohun tí ó sábà máa ń yí ìwà ọ̀gá padà ni ẹrù tí a dì lé e lórí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí kò sì rí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn, tí kò sì lè bá ẹni tí ó dì í rù ú jà, ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ tí kò lè dá a lóhùn ni yóò máa kanra mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe láti gbèjà ọ̀gá tí ó ń ni àwọn ènìyàn rẹ̀ lára, bí kò ṣe láti mọ ibi tí ìwà náà ti ń wá, kí a lè mọ ibi tí a ó ti dá a dúró. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kì í ṣe ibi tí ènìyàn ṣubú sí ni kí ó máa wò, ibi tí ó ti kọsẹ̀ ni.

Iṣẹ́ katikíìsì tí a ń ṣe ni ó mú kí a mọ ọ̀rọ̀ náà lójúkojú. Kò jìnnà láti Ìkìrun dé Ìníṣà, Ìníṣà kò sì jìnnà sí Òkukù, a sì ti rin ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́kadà fi mọ ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń lọ kí a tó sọ ọ́. Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, nínú èyí tí Ìníṣà náà wà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń jẹun nínú iṣẹ́ ìjọba: olùkọ́ ni wọ́n, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí akọ̀wé. Katikíìsì pàápàá kò yàtọ̀ sí wọn. Ó ní àlùfáà lókè rẹ̀, ó sì ní ìjọ níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi lè wá jókòó tì wá ní ìrọ̀lẹ́ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, tí ọmọ-iṣẹ́ ọ̀gá kan náà yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní ọjọ́ kejì láti wá sunkún. Etí wa kan náà ni ó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó sì ti hàn sí wa nígbà púpọ̀ pé ẹkún kan náà ni àwọn méjèèjì ń sun.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú irin ṣe àpèjúwe, nítorí ó wà ní àárín wa. Ní ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo; láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, títí ó fi dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ìdíkọ̀ rélùwéè rí, nígbà tí ọkọ̀ ẹrù fẹ́ gbéra, yóò ti gbọ́ ìró kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọn ara rẹ̀ lójijì, ọkọ̀ kìíní a ta èkejì, èkejì a ta ẹ̀kẹta, gbà, gbà, gbà, títí yóò fi kan èyí tí ó wà ní ìparí. Ọkọ̀ ìparí kò rí ẹ́ńjìnnì, kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé a ta òun lọ. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n fi fi irin onísípíríǹgì sí àárín ọkọ̀ kan àti èkejì, kí ó lè gba ìkọlù náà mọ́ra, kí gbogbo agbára rẹ̀ má baà dé ẹ̀yìn. Bí irin náà bá ti gan, tí kò lè rọ̀ mọ́, ìkọlù iwájú yóò dé ẹ̀yìn bí ó ti ṣe rí. Iṣẹ́ irin yìí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀gá tí ó wà ní àárín àwọn tí ó ju ú lọ àti àwọn tí òun jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà ayé òde òní ni ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, agbára Ìbàdàn tàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ó sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú púpọ̀. A máa ń bú àwọn ajẹ́lẹ̀ náà títí di òní, ó sì tọ́ kí a bú wọn, nítorí wọ́n jẹ àwọn ará ìlú níyà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ipò wọn pẹ̀lú. Ajẹ́lẹ̀ ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí ó gbára lé, tí ó sì ń retí ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjòyè náà ní àwọn ọmọ ogun láti bọ́, ó sì ní ìbọn àti ẹ̀tù láti rà, pàápàá láti ọdún 1877, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, tí ọ̀nà etí òkun sì dí. Bí ìjòyè bá kanra ní Ìbàdàn, ajẹ́lẹ̀ a gbọ̀n. Bí ajẹ́lẹ̀ bá sì gbọ̀n, ewúrẹ́ àti iṣu àwọn ará ìlú ni yóò san gbèsè náà.

Òpin rẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1878, Fabunmi pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn ìlú mìíràn sì dìde tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, a ja ogun Jálumi ní Ìkìrun, Ìbàdàn lápá kan, Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lápá kejì. Ìbàdàn ni ó borí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Láti inú èyí ni orúkọ ogun náà ti wá. Síbẹ̀ ìṣẹ́gun náà kò mú àlàáfíà wá, nítorí ogun Kírìjì ni ó tẹ̀lé e, a kò sì ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ títí di ọdún 1886. Ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní bùdó. Samuel Johnson, tí òun náà ṣe iṣẹ́ katikíìsì kí ó tó di àlùfáà, kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú nínú ìtàn yìí kò pọ̀: àwọn ará ìlú tí a jẹ níyà kò bèèrè bóyá ajẹ́lẹ̀ ní ẹrù tirẹ̀. Ọwọ́ tí ó nà wọ́n ni wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìgbà tiwa. Ní oṣù keje ọdún 2015, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ti rí owó gbà, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù ní ìdá-ní-ìdá. Àwọn tí ó wà ní ìpele kìíní títí dé ìkeje ń gba owó wọn pé. Àwọn tí ó wà ní ìpele kẹjọ títí dé ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn tí ó wà ní ìpele kejìlá sókè ń gba ìdajì péré. Iye owó epo rọ̀bì tí ó ti já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé láti ọdún 2014 wà lára ohun tí ó fà á, gbèsè tí ìpínlẹ̀ náà jẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí títí di ọdún 2018 tí owó tó padà pé. Ní ti ìdajì tí a kò san, gbèsè ni ó dà. Lábẹ́ Gómìnà Ademola Adeleke, tí ó gba ipò ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ nípa ebi ọdún wọnnì. Ohun tí a kò sọ tó ni ohun tí ìpín náà ṣe sí ìbágbépọ̀ àwọn ènìyàn nínú ilé iṣẹ́. Olùkọ́ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí NCE a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpele keje. Owó tirẹ̀ pé. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí olùkọ́ yẹn wà ní àlùjáńjálá ọmọ ni a gé tirẹ̀ sí méjì. Ó ní àwọn ọmọ ní yunifásítì. Ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nígbà tí owó rẹ̀ pé, wọ́n sì ń yọ gbèsè náà kúrò nínú ìdajì tí ó kù. Lójú ara rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni a dín kù, a dín òun fúnra rẹ̀ kù pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò dín kù: àwọn alábẹ̀wò ń wá, ìwé ń ti ọ́fíìsì wá, àwọn òbí ń bèèrè. Òtítọ́ ni ohun tí àwọn baba wa wí, pé ìyà ńlá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké ń gorí ẹni.

Nínú ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta tí a dárúkọ lókè yìí, a mọ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní ìgbà náà. A kì yóò dárúkọ rẹ̀, a kì yóò sì dárúkọ ìlú náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kí ọdún 2015 tó dé, bí ó bá fẹ́ bá olùkọ́ wí, a pè é sẹ́yìn kíláàsì; bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí púpọ̀ nínú wọn lọ́mọ, “ẹ” ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdajì owó di ọdún kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú títì. Ó ń ti géètì mọ́ àwọn olùkọ́ tí ó bá pẹ́ díẹ̀. Ó ń ka àṣìṣe ènìyàn ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé-ìwé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ obìnrin kan pẹ́ dé. Ibà ti mú ọmọ-ọwọ́ rẹ̀ ní òru, ó sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ ti tò tán. Ọ̀gá mú un dúró níwájú wọn, ó sì wí fún un pé, “Ìwọ tí o ń gba owó rẹ pé ni o kò lè jí!” Obìnrin náà kò fèsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó sì wọ kíláàsì rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ da omi sí orí ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà nà án tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgba fi lé sí i lẹ́yìn. Ọmọ náà délé, ó sì la àbúrò rẹ̀ obìnrin mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀pà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi padà sí ilé-ìwé, nítorí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wọ aṣọ ilé-ìwé fún un ni inú ń run ún.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìyá olùkọ́ obìnrin náà tọ̀ wá wá, tí ọ̀gá ilé-ìwé náà sì tọ̀ wá wá. Ìyá náà wí pé kì í ṣe ìbáwí ni ó dun ọmọ òun, nítorí òun náà mọ̀ pé òun pẹ́. “Ìwọ” tí a pè é lójú àwọn ọmọ tí ń pè é ní Àǹtí ni kò jẹ́ kí ó sùn. Ọ̀gá, ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ oorun ni òun náà bá wá, pé òun kò rí i sùn mọ́, àyà òun a sì máa já bí fóònù bá dún láti ọ́fíìsì. Nígbà tí a sọ ti ọmọ tí a nà fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Èmi ni mo na ọmọ yẹn.”

Ó fẹ́ kí a bá òun bẹ obìnrin náà nínú ilé, bí a ti máa ń ṣe láàárín àgbà àti ọmọdé. A sọ fún un pé ẹ̀bẹ̀ nínú ilé dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí ibi tí a bá ti dójú ti ènìyàn ni a ti ń gbé ojú rẹ̀ sókè. Èyí nira fún un. Nínú àṣà wa, kò wọ́pọ̀ kí àgbà dìde láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ó lè bí lọ́mọ, àwọn mìíràn a sì wí pé ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò bàjẹ́. Síbẹ̀ ó ṣe é, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n níbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Ó wí pé, “Mo ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́.” Obìnrin náà gbà, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo nǹkan padà bí ó ti wà. Nígbà tí ọdún yí, ó bèèrè pé kí a gbé òun lọ sí ilé-ìwé mìíràn, wọ́n sì gbé e lọ. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, a lè nu ilẹ̀, a kò lè dá a padà sínú èèpo.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀ràn báyìí. Ní ọdún 2000, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Bennett Tepper, kọ̀wé nípa àwọn ọ̀gá tí kì í fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ẹnu àti ojú ni àwọn ènìyàn lára. Ó rí i pé àwọn tí ó wà lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ a máa fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn tí kò sì lè fi í sílẹ̀, ìdààmú náà a máa bá wọn dé ilé. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé ohun tí ń dé bá ẹni tí ìnira iṣẹ́ ti wọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́, tí a kò sì bójú tó o. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn, ọ̀ràn iṣẹ́ ni, àmì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta: agbára a tán nínú ènìyàn, ọkàn rẹ̀ a jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀, a sì máa fi ojú burúkú wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní dára mọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ni ó léwu jù lọ fún ọmọ-iṣẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti jìnnà sí iṣẹ́ kò rí ojú àwọn ènìyàn mọ́. Àṣìṣe nìkan ni ó ń rí. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn di “ẹni tí ó pẹ́ dé.”

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń mú ọ̀ràn náà burú sí i. Nígbà tí ọ̀gá bá ń jágbe, àwọn ọmọ-iṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe pamọ́ fún un. Bí àga bá fọ́, a kò ní sọ. Bí ìwé kan bá sọnù, a óò ní a kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yóò máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ títí alábẹ̀wò yóò fi dé, tí ìbínú tuntun yóò sì ti òkè wá. Ọ̀gá yóò jágbe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ṣé a lè wá wí pé, nítorí pé ẹrù wúwo, ọ̀gá kò jẹ̀bi? Rárá o. Ní àwọn ọdún kan náà, nínú òmíràn nínú àwọn ìlú wa, nọ́ọ̀sì àgbà kan ni olórí ilé ìwòsàn kékeré kan. Ìdajì owó ni òun náà ń gbà. Oògùn kò tó, àwọn aláìsàn sì ń bínú. Nígbà tí a bá lọ kí àwọn aláìsàn, a máa ń rí i tí ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀: “Owó kò tíì dé. Èmi náà kò rí i gbà. Ohun tí a lè ṣe lónìí nìyí, èyí tí a kò lè ṣe nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè èyí tí a kò lè ṣe, ẹ ní kí ó wá bá mi.” Kò purọ́ fún wọn, kò sì gbé ìbínú ọ́fíìsì lé wọn lórí. Ilé ìwòsàn náà kò di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ igbe níbẹ̀. Ìnira kan náà ni ó dé bá òun àti ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ibi tí olúkúlùkù gbé e sí ni kò bára mu.

Nínú Ìwé Ẹ́kísódù pẹ̀lú, a kà nípa àwọn olórí láàárín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí a lù nítorí bíríkì tí kò pé iye, nígbà tí Fáráò ti dáwọ́ koríko dúró. Òkè ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ; ọ̀dọ̀ Fáráò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ké. Fáráò kò gbọ́ tiwọn, òtítọ́ ni. Síbẹ̀ ibi tí ó yẹ kí ẹjọ́ dé ni wọ́n gbé e dé.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ìbáà ṣe ti ilé-ìwé, ti ọ́fíìsì, tàbí ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì péré. Èkíní, bí ohun tí kò ṣeé ṣe bá ti òkè wá, ẹ kọ̀wé padà pé kò ṣeé ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́ níwájú ẹni tí ó jù ú lọ ni ó sábà máa ń pariwo níwájú ẹni tí òun jù lọ. Èkejì, ẹ sọ òtítọ́ ipò tí nǹkan wà fún àwọn ènìyàn yín. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹrù wà lórí ọ̀gá òun lè bá a gbé etí kan níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé a kórìíra òun ni. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bá ènìyàn wí ní gbangba, kí ẹ má sì ṣe bá a wí ní wákàtí tí inú yín ń ru. Àṣìṣe òwúrọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ wá ẹgbẹ́ yín kan tí ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ inú yín fún, nítorí ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ yóò máa sọ ọ́ sára ọmọ-iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́, a kò ní kí ẹ máa fara da ìyà títí láé. Bí ọ̀gá bá ń nini lára, ẹ rán àgbà kan sí i kí ọ̀rọ̀ tó di ìkórìíra. Bí kò bá gbọ́, ọ̀nà ẹjọ́ wà nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ohun tí ọ̀gá ṣe sí yín lọ bá ẹni tí ó kéré sí yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò gé owó ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè pátápátá, tí ẹ ń fi ọwọ́ sí ìwé, ẹ rántí pé ìwé tí ẹ fi ọwọ́ sí ní Òṣogbo tàbí ní Àbújá kò dúró sí orí tábìlì. Yóò rìn. Ẹ má ṣe bèèrè ìwà pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò san owó fún, kí ẹ má sì ṣe ka iye àbọ̀dé nìkan; ẹ bèèrè bí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti wà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìhalẹ̀mọ́ni kọ́ ni oògùn iṣẹ́ tí kò pé.

Ní Òkukù, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́. Láìpẹ́ ọjọ́, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni yóò jókòó sórí àga ọ̀gá. A kò mọ irú ẹrù tí ìgbà tiwọn yóò dì fún wọn, ṣùgbọ́n a mọ̀ dájú pé ẹrù yóò wà. Ìmọ̀ràn tí a ní fún wọn kò ju ọ̀kan lọ. Bí ìwé líle bá ti òkè dé ní òwúrọ̀, ẹ jókòó kà á tán, ẹ ká a sínú àpò, kí ẹ mu omi tútù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn yín, kí ẹ sì wí pé, “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa ni ẹ jí?”